Ẹ Bi Mọlémọlé: Amọ̀, Omi àti Òrùlé

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ilé amọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dá lé. A yan márùn-ún. Èyí tí wọ́n fara jọra, a pa wọ́n pọ̀ sí ọ̀kan.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kọ́ ilé fún ìyá mi ní abúlé wa nítòsí Kétu: yàrá méjì, pálọ̀ kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú. Amọ̀ pupa ibẹ̀ ni mo fẹ́ fi mọ ọ́, bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé amọ̀ náà dára, báwo ni èyí tó máa gbà sì ṣe pọ̀ tó? — Ọmọ Kétu kan, Kútọnu

Ilẹ̀ pupa orí òkè Kétu, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní *terre de barre*, ni wọ́n fi mọ odi ìlú náà láyé àtijọ́. Wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n hú jáde mọ odi sí etí rẹ̀. Kò sí àníàní pé ó ń mọ ilé. Àmọ́ ilẹ̀ oko kan kì í rí bíi ti oko kejì, nítorí náà ẹ dán an wò kí ẹ tó pe àwọn òṣìṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ bó ilẹ̀ dúdú orí rẹ̀ kúrò, nǹkan bíi 30 sí 40 sẹ̀ǹtímítà. Gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá bá amọ̀ wọnú ògiri, wọ́n á jẹrà tán níbẹ̀, ihò á sì kù. Ẹ kó o lọ sí ìdí ọgbà ẹ̀fọ́ màmá. Ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni amọ̀ ilé.

Ẹ wá ìgò tó mọ́ gaara, ẹ bu amọ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ bomi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa. Lẹ́yìn wákàtí kan ẹ tún un gbọ̀n. Yanrìn á wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, erùpẹ̀ kíkúnná á tẹ̀ lé e láàárín ìdajì wákàtí. Amọ̀ gan-an ló máa ń pẹ́, nítorí náà ẹ fi ìgò sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó fi rúlà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Fún ògiri tí a fi ọwọ́ mọ, ó dára kí ìpele òkè pátápátá tó ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun tó wálẹ̀.

Ìdánwò kejì kò gba ìgò. Ẹ po amọ̀ títí yóò fi rọ̀ bí iyán, ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kúrò, ẹ yí i lórí tábìlì di ọ̀pá tó nípọn tó 3 sẹ̀ǹtímítà, tó sì gùn tó 20. Ẹ máa tì í jáde díẹ̀díẹ̀ ní etí tábìlì títí yóò fi já. Bí èyí tó já bọ́ kò bá tó 5 sẹ̀ǹtímítà, yanrìn ló pọ̀ jù. Bí ó bá wà láàárín 5 sí 15, ẹ mọ ilé yín. Bí ó bá ju 15 lọ, amọ̀ rẹ̀ ti le jù, ògiri á sán nígbà tó bá ń gbẹ. Ẹ po yanrìn mọ́ ọn, kí ẹ sì tún un dán wò. Koríko gbígbẹ tí a gé sí 5 tàbí 10 sẹ̀ǹtímítà kò lè burú nínú amọ̀ èyíkéyìí: òun ló ń di amọ̀ mú kó má sán ní ojú kan ṣoṣo.

Ó di ti ìwọ̀n. Ilé tí ẹ júwe kò ní ju mítà 9 ní gígùn àti 6 ní ìbú lọ. Ògiri ìta àti ti inú pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 40. Bí ó bá ga ní mítà 2.5, tí ìnípọn rẹ̀ ní agbedeméjì sì jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà, tí a yọ ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé kúrò, ó máa tó mítà kúbù 34. Amọ̀ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hú máa ń wú, ẹ ka èyí tí ẹ máa hú sí 45. Pípo amọ̀ yẹn nìkan á gba nǹkan bíi lítà 12,000 omi. Àgbá onílítà 200 ni ẹ fi kà á: ọgọ́ta àgbá.

Omi yìí gan-an ló ń dá iṣẹ́ dúró ní Kétu, kì í ṣe amọ̀. Kànga orí òkè yẹn jìn, kò sì bójú mu kí ilé kan fa omi tó yẹ kí odidi agbo ilé mu. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni pé kí ẹ hú kòtò amọ̀ yín ní oṣù kẹsàn-án, nígbà òjò kejì. Ẹ tú amọ̀ náà sílẹ̀ sínú kòtò, kí òjò máa rọ̀ sí i, kí ẹ máa fi ọkọ́ dà á kiri lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Títí di oṣù kọkànlá á ti mu omi wọ inú, ẹ ó kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Kí kòtò náà jìnnà sí ibi tí ilé máa dúró sí, ó kéré tán mítà 10, kí ẹ sì dí i lẹ́yìn iṣẹ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn á jẹ́ àlejò àkọ́kọ́ nílé tuntun.

Ìpele ògiri kan kò gbọdọ̀ ga ju 50 sẹ̀ǹtímítà lọ. Kí ìdí ògiri nípọn ní 45 sẹ̀ǹtímítà. Bí ó bá ń gòkè kí ó máa tín-ín-rín títí di 35. Lẹ́yìn ìpele kan ẹ dúró. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tí kò bá wọlé mọ́, ẹ lè gun èkejì lé e, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ọyẹ́ ò ṣe é gbára lé o: ó máa ń gbẹ ara ògiri kíá nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù, ibẹ̀ ni sísán ti ń wá. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ tútù bo ìpele tuntun fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Nígbà tó bá le díẹ̀ ṣùgbọ́n tí àdá ṣì ń wọ̀ ọ́, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tọ́. Ẹni tó bá ń kánjú, tó gun ìpele kejì lé ìkíní tó tutù, ikùn ni ògiri rẹ̀ máa yọ, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́ ju kí ó wó o.

Kí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé má sún mọ́ igun ilé ju mítà kan lọ. Kí àtẹ́rígbà wọ inú ògiri ní 30 sẹ̀ǹtímítà ní apá ọ̀tún àti ti òsì. Ẹ má fi férémù ilẹ̀kùn sí i nígbà tí ẹ ń mọ ògiri lọ́wọ́. Ògiri amọ̀ máa ń sún kì bí ó bá ń gbẹ, á jókòó lé férémù lórí, ilẹ̀kùn ò ní ṣí mọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ tán ná.

Ní tiwa ní Ṣábẹ, yanrìn ló pọ̀ nínú ilẹ̀, amọ̀ ò dì. Ẹnìkan ń fi ẹ̀rọ tẹ bíríkì amọ̀ fún àwọn èèyàn, ó ní ká fi sìmẹ́ǹtì sí i "bí agbára yín bá ṣe mọ". Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé a sì lè fi òkúta ibí ṣe ìpìlẹ̀? — Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan, agbègbè Ṣábẹ

Kì í ṣe bí agbára bá ṣe mọ, ẹ̀yin ìyá wa. Ilẹ̀ ló ń sọ iye tó fẹ́, àpótí kékeré kan ló sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kí káfíńtà kan àpótí tí inú rẹ̀ gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 4, tó sì jìn ní 4. Ẹ fi òróró pa inú rẹ̀, ẹ ki amọ̀ rírọ̀ sí i dọ́gba dọ́gba, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ẹ ti amọ̀ gbígbẹ náà sí apá kan, kí ẹ wọn àlàfo tó ṣí sílẹ̀ ní apá kejì.

Bí àlàfo kò bá tó mìlímítà 15, ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan sí ìwọ̀n amọ̀ 18. Láti 15 sí 30, ọ̀kan sí 16. Láti 30 sí 45, ọ̀kan sí 14. Láti 45 sí 60, ọ̀kan sí 12. Bí ó bá ju 60 lọ, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì ṣòfò lórí rẹ̀, yanrìn ni kí ẹ kọ́kọ́ pò mọ́ ọn. Korobá kan náà ni kí ẹ fi wọn méjèèjì.

Ilẹ̀ yín ò ní sún kì púpọ̀, nítorí yanrìn rẹ̀. Ìṣòro tiyín ni òdìkejì: bíríkì á máa ṣí ní igun bó ṣe ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ògán ni kí ẹ wá lọ. Ikán ti ṣa amọ̀ tó dára jù jọ fún yín láìgba kọ́bọ̀. Ẹ fọ́ ọ, ẹ jọ ọ́ ní asẹ́ oníhò mìlímítà 5, ẹ po ìwọ̀n kan mọ́ ìwọ̀n mẹ́ta ilẹ̀ yín, kí ẹ sì tún un dán wò nínú àpótí. Ògán tí wọ́n bá ń bọ ní abúlé yín, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó wà lóko pọ̀.

Bí omi ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpòpọ̀ náà, ẹ fún un di bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kó jábọ́ láti ibi àyà yín sí ilẹ̀ líle. Bí ó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó dára. Bí ó bá tú ká pátápátá, omi ò tó. Bí ó bá tẹ́ pẹlẹbẹ láìfọ́, omi ti pọ̀ jù, bíríkì yín á sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

Bíríkì onígígùn 29.5, oníbùú 14, oníga 9.5 sẹ̀ǹtímítà ni ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ máa ń tẹ̀. Mítà kan onígun mẹ́rin ògiri á gba nǹkan bíi 35, pẹ̀lú èyí tó máa fọ́. Ilé oníyàrá méjì àti pálọ̀ tó jẹ́ mítà 9 sí 6, ẹ ka bíríkì sí 3,400. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan sí 16, àpò sìmẹ́ǹtì oní-50 kílò kan á tẹ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún bíríkì, ìyẹn àpò 34 láìka èyí tí ẹ máa fi tò ó.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni pé wọ́n máa ń po odidi àpò méjì pọ̀ láàárọ̀, wọ́n á sì máa tẹ̀ ẹ́ títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn wákàtí kan, sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ sí dì nínú òkìtì. Èyí tí ẹ bá tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, amọ̀ lásán ni. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó. Bíríkì tí ẹ bá tẹ̀, ẹ tò ó sábẹ́ ibòji, ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má mọ ọ́n kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ògiri oní-14 sẹ̀ǹtímítà kò nípọn. Ní gbogbo mítà 3 tàbí 3 àti ààbọ̀, kí ògiri mìíràn so mọ́ ọn, tàbí kí ẹ gbé òpó bíríkì tì í.

Ní ti òkúta, bẹ́ẹ̀ ni, òkúta akọ ibẹ̀ dára ju sìmẹ́ǹtì lọ fún ìpìlẹ̀. Ẹ má lọ fọ́ òkè fún un; òkè Ṣábẹ ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tó tú ká sí oko, tó ń ṣẹ́ ọkọ́ àgbẹ̀ lójoojúmọ́, ó tó. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti 50 ní jíjìn, ẹ mọ òkúta títí tí yóò fi yọ sókè ilẹ̀ ní 40. Ní gbogbo mítà kan, ẹ fi òkúta gígùn kan tó la ìpìlẹ̀ já láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Bí ẹ bá kàn to òkúta ńlá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí ẹ da wẹ́wẹ́ sáàárín, ìpìlẹ̀ á là sí méjì lọ́jọ́ kan.

Ilé Àgùdà onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá wa kọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), amọ̀ ni ògiri rẹ̀. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ní báyìí sìmẹ́ǹtì ń ṣí wálẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mọlémọlé ní ká kan wáyà mọ́ ọn, ká tún un rẹ́. Kí lẹ rí sí i? — Ọmọ ilé kan, Àjàṣẹ́

Ẹ má kan wáyà kankan. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́fà mìíràn kò ní pé tí ògiri fúnra rẹ̀ á fi tẹ̀ lé wáyà náà wálẹ̀.

Ògiri amọ̀ máa ń mu omi, ó sì máa ń tú u jáde. Omi ilẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, òjò ń fọ́n sí i, oòrùn á wá fà á jáde. Láti ayébáyé báyìí ló ń ṣe, kò sì sí ewu. Sìmẹ́ǹtì tí ẹ fi bò ó ni kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà jáde mọ́. Amọ̀ máa ń wú nígbà òjò, ó sì ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sìmẹ́ǹtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí jọ̀wọ́ ara wọn. Ìlà tín-tín kan á sán lára sìmẹ́ǹtì, òjò á gbabẹ̀ wọlé, kò sì ní ríbi jáde. Ògiri tó bá lanu ni aláǹgbá ń wọ̀, ṣùgbọ́n omi ti débẹ̀ ṣáájú aláǹgbá.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri, ẹ wá ibi tí omi ti ń wá. Ní Àjàṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò ni ilẹ̀ ìta. Ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá tún ojú ọ̀nà ṣe, wọ́n máa ń gbé e ga sí i. Ilé tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn méjì ni wọ́n fi ń gun inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ wọ̀ ọ́ báyìí. Bí ilẹ̀ ìta bá ti ga ju ilẹ̀ yàrá lọ, ẹsẹ̀ ògiri wà nínú omi nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ibi tí òrùlé ń da omi sí, kí ẹ sì wo balùwẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́.

Ẹ hú erùpẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí tí ilẹ̀ ìta á fi rẹlẹ̀ ju ti yàrá lọ. Kí ilẹ̀ náà máa dà kúrò lára ilé, sẹ̀ǹtímítà 5 fún mítà kan. Ibi tí ojú ọ̀nà kò bá jẹ́ kí ẹ hú u, ẹ gbẹ́ kòtò ìdominù ní 30 sẹ̀ǹtímítà sí ògiri, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ rí i dájú pé ó ní ibi tó ń dà sí. Kòtò tí kò ní ẹnu, agbada omi lẹ gbẹ́ yẹn.

Ẹ wá fi ìka kan ògiri kiri. Ibi tó bá ń dún gbọ̀ngbọ̀n bí igbá òfìfo, sìmẹ́ǹtì ti yà kúrò lára amọ̀. Ẹ bó o. Ibi tó bá dún kì, ẹ fi í sílẹ̀ ná, nítorí bí ẹ bá fi tipátipá fà á, amọ̀ tó dára á tẹ̀ lé e. Àmọ́ ní ìsàlẹ̀, ẹ bó gbogbo rẹ̀ yíká ilé títí dé mítà kan, yálà ó dún tàbí kò dún. Lẹ́yìn náà ẹ gbàgbé ilé fún ẹ̀ẹ̀rùn kan odindi. Ó máa ń ṣòro fún àwọn èèyàn, torí ilé á rí bí ẹni tó bọ́ṣọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rẹ́ ògiri tútù, ẹ tún ti omi mọ́lé ni.

Ibi tí ẹsẹ̀ ògiri ti jẹ wọnú, bíríkì amọ̀ gbígbẹ ni kí ẹ fi dí i, kì í ṣe amọ̀ tútù. Amọ̀ tútù tí a bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ á sún kì, á sì yà kúrò lára ògbólógbòó. Ẹ má gé ju 80 sẹ̀ǹtímítà lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fò tó mítà méjì kí ẹ tó gé òmíràn, ẹ dí ti àkọ́kọ́, kó gbẹ, kí ẹ tó padà sí èyí tó wà láàárín. Ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹ ní, ẹrù rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ yẹn.

Rírẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Èyí tó rọrùn jù ni amọ̀ tí a jọ̀, ìwọ̀n kan sí yanrìn méjì, pẹ̀lú koríko gígé wẹ́wẹ́ àti ìgbẹ́ màlúù tó jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ pò ó, ẹ bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó kan dáadáa. Ẹ lò ó ní ìlọ́po méjì, kí èyí àkọ́kọ́ tó sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, kí èkejì fẹ́lẹ́. Èkejì ni láìmù ìkọ́lé, lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n ń pè ní *chaux* lédè Faransé, ìwọ̀n kan sí yanrìn mẹ́ta. Òun ló yẹ ojú ilé tó kọjú sí òjò, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń bá ilé Àgùdà mu. Kí ẹ lo ìbọ̀wọ́, ó máa ń jẹ ara. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ẹ bu omi wọ́n ògiri ṣáájú, kí ó má fa omi inú ohun tí ẹ fi ń rẹ́ ẹ gbẹ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Òdòdó àti ìgbátí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe yí fèrèsé ká, kí ẹnikẹ́ni má fi òòlù kàn án. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní ìwájú àti ní ẹ̀gbẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá ti kán, ẹ gé páànù pẹlẹbẹ ní ìrísí rẹ̀ láti ara èyí tó ṣì pé, òun ni ẹ máa fi fa tuntun kó bá ti àtijọ́ dọ́gba. Mọlémọlé tó bá sọ pé òun á "ṣe é rọ́ńdọ́" láìfi nǹkan wọ̀n ọ́n, ẹ fún un ní iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Bẹẹrẹ tàbí páànù, èwo lẹ máa yàn fún òrùlé? Igi wo ni ikán kì í jẹ lábẹ́ wọn? — Òǹkàwé méjì, Ìdígní àti Sakẹ́tẹ́

Fún yàrá tí èèyàn ń sùn ní Kétu, páànù la máa yàn, nítorí omi. Òjò mìlímítà kan lórí mítà kan onígun mẹ́rin jẹ́ lítà kan. Òrùlé mítà 11 sí 8 jẹ́ 88. Òjò mìlímítà 30 kan, lẹ́yìn tí a yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ń dànù, á dá lítà tó lé ní 2,000 sínú kànga ìkómisí. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ ọdún fọ òrùlé dànù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbà á. Ẹni tó bá lè ṣe é, kí ó tilẹ̀ gbé òrùlé dúró lórí òpó ṣáájú ògiri: òrùlé á gba omi tí yóò fi po amọ̀, á sì bo ògiri lọ́wọ́ òjò òjijì.

Fún ilé ìdáná, gbọ̀ngán àlejò àti ibi tí àgbà ń jókòó lọ́sàn-án, bẹẹrẹ kò lẹ́gbẹ́. Kìkì pé ó gbọ́dọ̀ dagun: bí ìdajì ìbú ilé bá jẹ́ mítà 3, kí téńté òrùlé ga ju ògiri lọ ní mítà 3, ó kéré tán. Òrùlé bẹẹrẹ tó tẹ́ máa ń jo ní ọdún kejì, wọ́n á ní bẹẹrẹ ò dáa. Ẹ gé e ní oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní kí iná oko tó dé, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ dì í, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí òrùlé lọ sókè, kí ìdì òkè bo ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ìsàlẹ̀, kí ìnípọn rẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Kí iná ìdáná jìnnà sí ilé tí wọ́n ń sùn.

Ìjì ńlá tó ń ṣáájú òjò máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Ẹ kọ etí ilé tó kúrú sí ìlà-oòrùn, kí ògiri gígùn kọjú sí àríwá àti gúúsù. Oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò ní rí ibi gbòòrò jó. Kí òrùlé yọ kọjá ògiri ní 60 sẹ̀ǹtímítà, kó tó 80 ní ìhà ìlà-oòrùn. Páànù tó yọ báyìí ni atẹ́gùn máa ń gbá mú, nítorí náà ẹ ti ìgbà tí ẹ ń mọ ògiri lọ́wọ́ ri igi kékeré mọ́ inú rẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà sí òkè, ẹ yí irin onímìlímítà 6 mọ́ ọn, kí orí irin náà yọ láti so igi òrùlé mọ́lẹ̀, ní gbogbo mítà kan. Irin tí a bá kàn rọ̀ mọ́ ìpele òkè, òun àti ìpele náà ló jọ máa fò. Orí ìgbì páànù ni kí wọ́n kàn ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀. Lábẹ́ páànù, ẹ ta àjà ọparun, kí àlàfo 30 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín, kí ihò afẹ́fẹ́ wà ní igun òkè méjèèjì, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì kí àdán má bàa wọlé.

Igi? Akọ àgbọn olódù, tí wọ́n ń pè ní *rônier* lédè Faransé, ni ọba wọn. Èèpo rẹ̀ líle ni kí ẹ lò, kì í ṣe inú rẹ̀ rírọ̀. Ayan àti àyìn náà kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn olùṣọ́ igbó kí ẹ tó gé èyíkéyìí. Tíìkì tínrín tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n gé e: àárín rẹ̀ tó pọ́n ni ikán kì í fẹ́, funfun tó yí i ká jẹ́ oúnjẹ bí igi yòókù. Igi kékeré, funfun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ọparun, ẹ rì í sódò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí adùn inú rẹ̀ ṣàn jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kòkòrò á lù ú, lẹ́búlẹ́bú funfun á máa dà sórí ẹní yín.

Igi tó dára jù náà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ẹ gbé òpó lé òkúta. Ikán nílò ọ̀nà amọ̀ tó bò mọ́lẹ̀ láti gòkè. Lórí òkúta tó mọ́, ẹ máa rí ọ̀nà náà, ẹ ó sì fọwọ́ gbá a. Ẹ máa wo ìdí ògiri yíká ní oṣooṣù. Kí wọ́n má kó igi ìdáná ti ògiri, ibẹ̀ ni ikán máa ń fara pamọ́ sí.

Ilẹ̀ yàrá ńkọ́? A kò fẹ́ sìmẹ́ǹtì. — Ìyá àgbà kan, Kétu

Ìyá wa, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, àwọn ọmọ ni wọ́n gbàgbé. Kí wọ́n tẹ́ yangí ní 10 sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n lù ú títí tí ìró rẹ̀ á fi yí padà. Kí amọ̀ tí a jọ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù tẹ̀ lé e ní sẹ̀ǹtímítà 3, kí wọ́n máa lù ú lójoojúmọ́ bó ṣe ń gbẹ. Bí ó bá sán, kí wọ́n bu omi díẹ̀ sí ojú ibẹ̀, kí wọ́n tún lù ú pa dé. Kí wọ́n fi òkúta odò dán an. Èèpo irúgbá ni kí wọ́n sè, títí omi rẹ̀ á fi dúdú tó sì ki, kí wọ́n fi aṣọ ta á sílẹ̀ nígbà mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Ọmọdé àti adìẹ, ẹ lé wọn síta fún ọjọ́ mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ tútù ni kí wọ́n máa fi nù ún, kí ẹnikẹ́ni má da korobá omi sí i.